Ẹ Kú Ilé La Fẹ́ Gbọ́, Kì í Ṣe Ẹ Káàbọ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alákòóso Àjọ Júù ní Amẹ́ríkà

Sí ẹ̀yin alága, ọ̀gá àgbà àti ọmọ ìgbìmọ̀ alákòóso àwọn àjọ Júù káàkiri Amẹ́ríkà: àpapọ̀ àjọ ìlú kọ̀ọ̀kan tó lé ní 140, sínágọ́gù, ilé-ẹ̀kọ́, àgọ́ ìsinmi ọmọdé àti gbọ̀ngàn ìpéjọ gbogbo.

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ àjọ, ẹ kú ìdààmú àwọn ọdún tó kọjá yìí. Ẹ jẹ́ ká wọnú ọ̀rọ̀.

Ohun tó mú wa kọ̀wé ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti pa ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wa, àwa Júù tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, rẹ́, ẹ sì pa á rẹ́ láìfọhùn. Ẹ ò kéde rẹ̀. A kàn rí i pé orúkọ ẹni tó wà nípò náà ti kúrò lórí ìkànnì, wọ́n so iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ti òṣìṣẹ́ mìíràn tó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tí ẹ fi ariwo gbé kalẹ̀ kò sì jókòó mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ wà lára àwọn àjọ Júù tó lé ní 600 tó fọwọ́ sí lẹ́tà kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí odindi ojú-ewé kan nínú New York Times, pé àwọn wà pẹ̀lú adúláwọ̀. Ẹ fi owó tẹ ẹ́, ẹ fi orúkọ sí i. A tọ́jú ẹ̀dà tiwa.

Jews of Color ni wọ́n ń pè wá ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwa kan jẹ́ ọmọ ìyá Júù àti bàbá adúláwọ̀. Àwa kan yí padà sí ẹ̀sìn níwájú ilé ẹjọ́ rábì. Àwọn kan nínú wa, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà tí ìdílé Júù gbà wọ́n tọ́ láti ilẹ̀ Kòríà tàbí Ethiopia. Ìran àwọn mìíràn ti wà nínú ẹ̀sìn yìí ní Íńdíà àti Yemen kí Amẹ́ríkà tó di orílẹ̀-èdè. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi wá ìdí tí a fi kọ ọ́ ní Yorùbá, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá wà nínú ìjọ yín, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ni pé ta ló pè wọ́n wá. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ti wà lórí tábìlì yín.

Èdè yìí tún wúlò fún wa ní ọ̀nà mìíràn. Nínú rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé là ń kí ní "ẹ káàbọ̀". Ẹni tó wà nílé là ń kí ní "ẹ kú ilé". Ẹ̀yin kò kí wa ní ohun mìíràn ju káàbọ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sára àsíá, ẹ kọ ọ́ sórí ìkànnì, ẹ tún dá ìgbìmọ̀ ìkíni-káàbọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ti ń dé láti ọgbọ̀n ọdún, ìgbà wo ló máa wá délé?

1. Ẹnu ọ̀nà

Lẹ́yìn ìpànìyàn Pittsburgh ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, níbi tí ènìyàn 11 ti kú nínú sínágọ́gù, àti ti Poway ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, a ò lè bá yín jiyàn pé kí ẹ má gba ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀mí tiwa náà wà nínú ilé yẹn. Ìjọba àpapọ̀ ya mílíọ̀nù 305 dọ́là sọ́tọ̀ ní 2023 fún ààbò ilé ìjọsìn àti àwọn àjọ tí kì í ṣe ti èrè. Bí ẹ bá gbà nínú rẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ náà kí ẹ tó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Bó ṣe ń bàjẹ́ nìyí. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ń rán ẹlòmíràn wá lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹni tó wá lónìí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ, ìtọ́ni tó sì gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: kó máa ṣọ́ ẹni tí kò jọ ará ibẹ̀. Wọn ò sọ bí ará ibẹ̀ ṣe ń jọ fún un. Ó wo àwọn tó ń wọlé, ó wo àwọ̀ wọn, ó sì fi ohun tó rí ṣe òfin. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, ìyẹn Sátidé fún àwa Júù, ọkùnrin adúláwọ̀ kan dé, ó dé fìlà kípà, ó fi tálítì, aṣọ àdúrà, sí èjìká. Mẹ́ta ti wọlé níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìkíni Ọjọ́ Ìsinmi, "Shabbat shalom". Òun ni wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀, Júù tó ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ kì í gbé nǹkan dání ní ìta gbangba àfi níbi tí eruv bá wà, ìyẹn okùn ààlà tí wọ́n ń ta yí àdúgbò ká. Kò mú káàdì, kò mú fóònù, kò mú owó. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ yín ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ó ti rú òfin tó tìtorí rẹ̀ jí wá.

Wíwo àwọ̀ kò tilẹ̀ lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Aláwọ̀ funfun ló yìnbọn ní Pittsburgh, aláwọ̀ funfun ló yìnbọn ní Poway. Ìwà là ń ṣọ́: ẹni tó wọ ẹ̀wù òtútù nínú ooru, ẹni tó ń yí ilé ká tó ń ya fọ́tò ilẹ̀kùn, ẹni tí kò rí ìbéèrè wẹ́rẹ́ dáhùn. Ẹ̀kọ́ gidi nípa ààbò wúlò. Rábì tí agbébọn kan mú nígbèkùn nínú sínágọ́gù ní Colleyville ní oṣù Kìíní ọdún 2022 sọ fúnra rẹ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ òun ló jẹ́ kí àwọn rí ọ̀nà sá. Ẹ fi irú ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ ẹ̀ṣọ́ yín.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò wọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni kí ẹ̀ṣọ́ máa bi gbogbo ẹni tó bá wọlé, láti orí alága títí dórí àlejò: kí lorúkọ yín, kí lẹ bá wá lónìí, ṣé ẹ ti wá síbí rí? Bí wọn ò bá lè bi alága, kí wọ́n má bi wá. Kí ọmọ ìjọ kan dúró ti ẹ̀ṣọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, torí ẹnì kan ṣoṣo kò lè mọ gbogbo ojú. Kí ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n dá dúró sí: aago mélòó, kí ló fà á, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà, báwo ló ṣe parí. Níbi tí wọn kì í ti í kọ̀wé ní Ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n kọ ọ́ lálẹ́ Sátidé lẹ́yìn tí ìràwọ̀ bá yọ, tí Ọjọ́ Ìsinmi sì ti parí, kó tó fò wọ́n lórí. Kí ìgbìmọ̀ máa kà á lóṣooṣù. Bí ẹ bá kà á tí ẹ rí i pé nínú ẹni mẹ́wàá tí wọ́n dá dúró, mẹ́jọ jẹ́ adúláwọ̀, tí ìkankan nínú wọn kò sì mú ewu wá, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

2. Iye wa

Ẹ ti fi iye wa ṣe àríyànjiyàn tó. Ní 2019, ìwádìí kan tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford lọ́wọ́ sí, tí àjọ tó ń jẹ́ Jews of Color Initiative lónìí gbé jáde, sọ pé ó kéré tán, ìdá 12 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún Júù Amẹ́ríkà ni wá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àwọn onímọ̀ méjì kọ̀wé pé a ò tó bẹ́ẹ̀, pé nǹkan bí ìdá 6 ni wá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ilé ìwádìí Pew gbé èsì tirẹ̀ jáde, ènìyàn 4,718 ni wọ́n bi léèrè: ìdá 92 àgbàlagbà ní aláwọ̀ funfun làwọn, ìdá 8 yòókù ni àwa tí a ń jẹ́ ohun mìíràn. Ibi ìdá 8 yìí ni ọ̀pọ̀ yín ti pa ìwé dé.

Ẹ ò bá ṣí ìwé náà síwájú díẹ̀. Láàrin àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 sí 29, ìdá 15 ni wá. Nínú ọgọ́rùn-ún Júù, 17 ló ń gbé nínú ilé tí ó kéré tán, ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àgbà tàbí ọmọdé, kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Àwọn ilé yẹn ni wọ́n ń kó ọmọ wọn bọ̀ ní kíláàsì yín ní ọjọ́ Àìkú. Àjọ tó bá fi ìdá 8 ṣètò ọjọ́ iwájú, àwọn òbí àgbà ló ṣètò fún.

Ìdí tí iye fi ń yàtọ̀ síra kò ṣòroó yé. Ìwádìí àdúgbò àtijọ́ máa ń gba ọ̀nà méjì wá ènìyàn: orúkọ àwọn tó ń dáwó fún àjọ, àti ìwé fóònù tí wọ́n ti ṣa orúkọ ìdílé tó jọ ti Júù jáde. Levine wà níbẹ̀, Goldberg wà níbẹ̀. Rodriguez, Kim àti Adéyẹmí kò sí nínú agbọ̀n tí wọ́n ti ń mú. Ìwádìí mìíràn kò tilẹ̀ béèrè àwọ̀ rárá, òmíràn béèrè ti olórí ilé nìkan. Ẹ kò lè ka ohun tí ẹ ò béèrè.

Nítorí náà, ẹ fi ìlà méjì kún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ yín. Ìkíní, kí ẹni tó ń kọ ọ́ yan gbogbo ohun tó bá bá a mu, kì í ṣe ẹyọ kan, kó sì lè fò ó bó bá wù ú. Ìkejì, ìbéèrè kan náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ ìdí tí ẹ fi ń béèrè àti ẹni tí yóò rí ìdáhùn. Bí iye tó bá jáde kò bá tó mẹ́wàá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde, torí nínú ìjọ kékeré gbogbo ayé ni yóò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì má fi ìbéèrè bí ènìyàn ṣe di Júù sí ojú-ewé kan náà.

3. "Báwo lẹ ṣe di Júù?"

Ìbéèrè yìí ni a ń jẹ pẹ̀lú kéèkì lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tó ń béèrè rò pé òun ń ṣe ọ̀yàyà. Ṣùgbọ́n Mishnah, ìwé òfin àtijọ́ àwọn Júù, nínú Bava Metzia orí 4, ti sọ ọ́ láìfi bò: bí ẹnì kan bá jẹ́ ọmọ àwọn tó yí padà, ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún un pé kó rántí ìṣe àwọn bàbá rẹ̀. Obadiah, ẹni tó yí padà sí ẹ̀sìn yìí, kọ̀wé sí Maimonides, rábì àti amòfin ẹ̀sìn ńlá, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ó ní ṣé òun lè gbàdúrà pé "Ọlọ́run àwọn bàbá wa", nígbà tí bàbá òun kì í ṣe Júù. Maimonides dáhùn pé kó gbà á bó ṣe wà, kó má yí ọ̀rọ̀ kankan padà. Òfin yín nìyẹn, a ò mú un wá láti ibòmíràn. Àwọn tí wọ́n bí sínú ẹ̀sìn yìí tún pọ̀ láàrin àwa tí ẹ ń bi léèrè.

Ìwádìí kan jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 tó bi 1,118 nínú wa léèrè. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé wọ́n ti fojú rí ẹ̀tanú láàrin àwọn Júù ẹgbẹ́ wọn. A mọ̀ pé àwọn tó fúnra wọn yọ̀ọ̀da láti dáhùn ni, kì í ṣe àwọn tí wọ́n ṣà láìmọ̀ wọ́n, nítorí náà kì í ṣe òṣùwọ̀n gbogbo wa. Ẹ yọ ìdajì kúrò nínú rẹ̀ bó bá wù yín. Ṣé ìdá 40 dùn ún gbọ́?

4. Ìjókòó ìgbìmọ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá tún ẹnu ọ̀nà ṣe, tí ẹ ka iye wa, tí ẹ pa ẹnu mọ́ níbi kéèkì, tí ẹ sì fi èyí sílẹ̀, àlejò tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa la ṣì jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ènìyàn ṣe ń dé ìgbìmọ̀ alákòóso, kí àwọn tí kò bá yín jókòó rí lè mọ̀. Oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣáájú ìpàdé ọdọọdún, alága yan àwọn kéréje tí yóò fa orúkọ kalẹ̀. Àwọn tó ti jẹ alága rí ló máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan béèrè pé, "Ta la mọ̀?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ẹni tí a mọ̀ ni ẹni tí a jọ lọ sí àgọ́ ọmọdé, tí a jọ ń gbá gọ́ọ̀fù, tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà lára ògiri gbọ̀ngàn. Ìwé orúkọ jáde, orúkọ kan fún ipò kan, ìpàdé ọdọọdún sì pariwo bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ṣe ìkà. Kò sí ẹni tó ní kí adúláwọ̀ má wọlé. Adúláwọ̀ kò sáà wọlé.

Owó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ yín ní òfin, wọ́n kọ ọ́ tàbí wọn ò kọ ọ́, pé ọmọ ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ dá iye kan lọ́dún, bí kò bá ní in, kó wá a lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Iye náà lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Olùkọ́ tó mọ ilé-ẹ̀kọ́ yín ju alága lọ kò lè dá a, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà olùkọ́ ni wọ́n. Ẹ ní òfin náà kan gbogbo ènìyàn bákan náà. Òótọ́ ni. Gíga ẹnu ọ̀nà kan gbogbo ènìyàn bákan náà pẹ̀lú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ló ń forí gbá a.

Bí ẹnì kan nínú wa bá wá wọlé, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Òun nìkan ni. Kí oṣù tó parí, ó ti di alága ìgbìmọ̀ kékeré lórí oríṣiríṣi ènìyàn, ìgbìmọ̀ tí kò ní kọ́bọ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́ àkọsílẹ̀ ọdún. Amòfin tó mọ ìwé àdéhùn ni, tàbí oníṣirò owó, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ owó bá dé, wọn ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ adúláwọ̀ bá dé, gbogbo orí yí sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ẹni mẹ́fà tó jẹ́ ìgbìmọ̀ inú ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n gbé e wá síwájú gbogbo ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n pè é síbi àsè, wọn ò pè é síbi tí wọ́n ti pín ẹran. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó lọ. Àkọsílẹ̀ ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Wọn ò bi í.

Ohun tí a ń béèrè: kí ẹ kéde àyè tó ṣí sílẹ̀ ní gbangba fún ọgọ́ta ọjọ́, kí ẹ kọ ọgbọ́n tí ẹ nílò sílẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, bóyá òfin ilé ni, bóyá ìṣirò, bóyá ẹ̀kọ́ ọmọdé. Kí ẹni méjì nínú àwọn tó ń fa orúkọ kalẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tó ti di ipò mú rí. Kí ẹ wọ́gi lé iye kan pàtó, kí ẹ fi ọrẹ tó tẹ̀wọ̀n nínú àpò ẹni tó ń mú un wá rọ́pò rẹ̀, kó jẹ́ akápò nìkan ni yóò mọ iye rẹ̀. Kí ẹ má dákẹ́ wíwá nígbà tí ẹ bá rí ẹnì kan ṣoṣo, torí ẹnì kan kò lè takò láìjẹ́ pé wọ́n pè é ní oníjà. Kí àwọn tó bá wọlé jókòó níbi ìṣúná owó àti nínú ìgbìmọ̀ inú. Kí sáà má ju ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì lọ, kó sì kan gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn tó ti jókòó láti ogún ọdún. Àyè kì í ṣí níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dìde. Kí ẹni tí kì í ṣe alága bá gbogbo ẹni tó bá ń lọ sọ̀rọ̀, kó kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ sì kà á.

Ẹ̀yin kan yóò ní ẹ ti wá, ẹ ò rí ẹni tó múra tán. Ibo lẹ wá a sí? Àwọn tó ń kó àga ní alẹ́ Ìrékọjá, tó ń ka Tórà láìṣìṣe, tó ń bẹ àwọn aláìsàn wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wá. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé àwọn tó ń dáwó ńlá, ìwé yẹn nìkan sì lẹ ṣí.

5. Ipò tí ẹ pa rẹ́

Ọ̀nà tí ẹ gbà dá ipò náà sílẹ̀ ló pa á. Owó ìrànwọ́ ọdún kan tàbí méjì láti ìta ni ẹ fi gbé e ró, kò fìgbà kan wọ ìṣúná yín. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò jábọ̀ fún ọ̀gá àgbà, ọ̀gá ètò ló ń jábọ̀ fún. Òun ló ń gbọ́ ẹ̀dùn gbogbo ènìyàn, kò sì láṣẹ láti yí ìlà kan padà nínú òfin ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí owó ìrànwọ́ tán, ẹ ní ètò náà kò so èso.

Ìdí mìíràn tí ẹ ń sọ lábẹ́ ohùn ni àṣẹ ààrẹ ti ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2025 lórí ètò ìfàyègba oríṣiríṣi ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní DEI. Owó ààbò yín ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá, ẹ̀rù bà yín, a ò sì ní fi ẹ̀rù ẹni tó ń ṣọ́ ilé ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà dé òpin. Ó ní kí ẹni tó ń gba owó jẹ́rìí pé òun kò ní ètò DEI tó rú òfin ìjọba àpapọ̀ tó de ẹ̀tanú. Tó rú òfin. Èwo ló rú òfin nínú pé kí ẹ bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè kan náà lẹ́nu ọ̀nà, tàbí kí ẹ kéde àyè ìgbìmọ̀ ní gbangba? Ẹ bi amòfin yín, kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ ká kà á. Àwọn àjọ kan tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba náà ti pa tiwọn rẹ́, a ò mọ àṣẹ tí àwọn yẹn ń tẹ̀lé.

6. Rábì

Angela Buchdahl, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Kòríà, di rábì ní 2001, ó sì di olórí rábì Central Synagogue ní New York ní 2014. Alysa Stanton di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba oyè náà ní Amẹ́ríkà ní 2009. Sandra Lawson gba tirẹ̀ ní 2018. A yọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n Wentworth Matthew, rábì adúláwọ̀, ti dá ìjọ Commandment Keepers sílẹ̀ ní Harlem láti 1919, rábì Capers Funnye, adúláwọ̀ bákan náà, sì wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn rábì Chicago. Ẹ lè ní ẹjọ́ òfin ẹ̀sìn pẹ̀lú irú àwọn ìjọ bẹ́ẹ̀, a kì í dá yín lẹ́kun. Kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná ni adúláwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ Tórà ni kò dára.

Ẹ̀kọ́ rábì ń gbà tó ọdún márùn-ún, gbèsè rẹ̀ ń tẹ̀lé ènìyàn pẹ́. Ẹ san án fún àwọn ọ̀dọ́ wa láti ọdún kìíní, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́kù lọ́dún ìkẹyìn. Nígbà tí ẹ bá sì ń wá rábì, ẹ yọ ìbéèrè yẹn kúrò lẹ́nu, "ṣé ara àwọn ọmọ ìjọ wa á balẹ̀?" Ara wọn á balẹ̀ tí ẹ̀yin bá jẹ́ kó balẹ̀.

7. Àwọn ọmọdé

Nínú kíláàsì ọjọ́ Àìkú, olùkọ́ pín àwòrán Mósè fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé kí wọ́n kùn ún. Páálí kírẹ́yọ̀nù wà láàrin tábìlì. Ọmọbìnrin kan mú àwọ̀ ilẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe àwọ̀ ara nìyẹn, ó na èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sí i. Olùkọ́ ń gbọ́, kò mọ ohun tí yóò sọ, torí wọn ò kọ́ ọ. Númérì orí 12 wà nínú Tórà tó wà nínú àpótí lẹ́yìn ògiri yẹn: Mósè fẹ́ obìnrin ará Kúṣì, Míríámù sọ̀rọ̀ sí i, ó di adẹ́tẹ̀, ó sì lo ọjọ́ méje lẹ́yìn ibùdó. Ẹ fi kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ ra kírẹ́yọ̀nù tó ní ju àwọ̀ ara kan lọ, kò tó dọ́là mẹ́wàá.

8. Ọjọ́

Láàrin ọgbọ̀n ọjọ́: òfin ẹnu ọ̀nà ní kíkọ, ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n dá dúró, àti orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa kà á.

Láàrin àádọ́rùn-ún ọjọ́: fọ́ọ̀mù tuntun, ìdáhùn amòfin yín, àti àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ipò kọ̀ọ̀kan tí ẹ dá sílẹ̀ láti 2020, pẹ̀lú iye owó tó wọlé fún un àti iye tó jáde.

Kí àwọn tó ń fa orúkọ kalẹ̀ tó jókòó fún ìpàdé ọdọọdún tó ń bọ̀: àyè ìgbìmọ̀ ní gbangba, òfin owó tuntun, òfin sáà tuntun. Bí wọ́n bá ti jókòó kí lẹ́tà yìí tó dé, kí wọ́n tún jókòó.

A fẹ́ ìdáhùn ní kíkọ, láti ọwọ́ alága, kì í ṣe láti ọ́fíìsì ìròyìn. Ẹ má pè wá sí ìpàdé ìfetísílẹ̀, a ti lọ púpọ̀, kéèkì wọn dáa. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹnu ọ̀nà ti oṣù àkọ́kọ́ ni a ó kọ́kọ́ béèrè. Kò gba owó ìrànwọ́, kò gba ìbò: ìwé kan, bírò kan, lálẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí ìràwọ̀ bá ti yọ.

Àwa ni,
àwọn ọmọ ilé.